Ẹ yé fi dọ́là ṣòfò: àṣìṣe àwọn tó ń yọ DNA fún sequencing

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù l'Ábújá níbí, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yọ DNA, ẹ mọ ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni mo fẹ́ sọ, torí dọ́là lẹ fi ń san owó sequencing (kíka lẹ́tà inú DNA), náírà sì lẹ̀ ń gbà lóṣù.

1. Ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù heparin. Túùbù EDTA ni. Méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àmọ́ heparin ò ní jẹ́ kí PCR (ọ̀nà tá a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀) ṣiṣẹ́, ó tán.

2. Kòkòrò tẹ́ ẹ bá rì sínú formalin, DNA ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ethanol 95% ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá jẹ́ ewé, silica gel ni, kó tètè gbẹ. Ẹ má di ewé tútù sínú ọ̀rá láti Zaria wá s'Ábújá nínú ooru oṣù kẹta, kẹ́ ẹ wá máa bi mí pé kí ló dé tó dúdú.

3. NanoDrop, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iye DNA. Háà. Ẹnìkan gbé túùbù wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 1.9 ni, nanogram ẹ̀ sì pọ̀ gan-an, mo fẹ́ fi ránṣẹ́." Mo ní ewé wo ni? Ó ní kúka (ewé baobab). Kúka kẹ̀! Mo ti pipette bọ̀ ọ́, mo gbé e sókè, ó ń fà tẹ̀lé tip bí ọbẹ̀ miyan kuka gan-an. Lóòótọ́ DNA tó gùn náà máa ń fà díẹ̀, àmọ́ eléyìí ti pọ̀jù. Mo ní 260/230, nọ́ńbà tó ń fi ìdọ̀tí bíi yíyọ̀ ewé hàn, ńkọ́? Kò wò ó. A wò ó, 0.6, nígbà tó yẹ kó tó bíi 2. 1.9 tó ń pariwo yẹn, 260/280 ni, prótíìnì ló ń wò, kò sọ nǹkan kan fún ẹ nípa yíyọ̀ ewé. Gbogbo ohun tó bá ti ń fa ìmọ́lẹ̀ mu ní 260 nanometer ni NanoDrop ń kà, RNA wà níbẹ̀. A gbé e sí Qubit, ẹ̀rọ tó ń wọn DNA nìkan, iye yẹn wó lulẹ̀. Tó bá wá gbé e sórí MinION, ẹ̀rọ sequencing, á dí ihò flow cell tí DNA ń gbà kọjá, owó ti wọgbó. Ẹ fi sorbitol ṣan ewé tẹ́ ẹ lọ̀ kẹ́ ẹ tó da CTAB (èyí tó ń tú sẹ́ẹ̀lì ewé) sí i, ẹ fi PVP àti mercaptoethanol kún un kó má baà dúdú (nínú fume hood, àpótí tó ń fa èéfín, o, òórùn ẹ̀ ò dáa!), ẹ lo RNase tó ń jẹ RNA, ẹ fi Qubit wọ̀n ọ́n, ẹ sáré ẹ̀ lórí gel kẹ́ ẹ rí bóyá ó ti gé.

Vortex, ẹ̀rọ tó ń gbọn túùbù, ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka DNA gígùn, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Tip ẹnu gbòòrò, ẹ rọra fà á.

Ẹ pín DNA yín sí túùbù kéékèèké. Iná á lọ lóru, díísù á tán nínú jẹnẹrétọ̀, fìrísà á yọ́, á tún dì, gbogbo ẹ̀ ló ń gé DNA yẹn, ẹ̀yin á sì máa bínú sí NEPA nìkan.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, inú Tris 10 mM (omi buffer) ni kẹ́ ẹ yọ ọ́ sí, kì í ṣe TE (Tris pẹ̀lú EDTA) tí EDTA ẹ̀ pọ̀, torí EDTA máa ń di magnesium tí enzyme wọn nílò mú.