Pẹ́dà kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tó ń mì

Apá pẹ́dà ọ̀tún ń mì, ó ń ró kọ́, kọ́. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù (bearing) inú rẹ̀ ló fà á. Ìṣó irin (cotter pin) tó so apá náà mọ́ ọ̀pá àárín ni. Wọ́n ti ki ti kẹ̀kẹ́ Faransé, mìlímítà 9, bọ ihò Raleigh tó gba 9.5. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa yìí, tí kẹ̀kẹ́ Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á.

Ó ti dípẹtà, a fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́ mọ́jú. Nígbà tí a fẹ́ gbá ìṣó náà jáde, a gbé irin nínípọn sábẹ́ apá náà kí òòlù má baà ba bọ́ọ̀lù jẹ́, a sì fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní etí ìṣó kí orí rẹ̀ má baà tẹ̀.

A fi fáìlì ha ojú pẹlẹbẹ ìṣó tuntun díẹ̀díẹ̀, títí pẹ́dà méjèèjì fi wà lórí ìlà kan. Òòlù ni kí ẹ fi gbá a wọlé. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì fà á, tíréèdì rẹ̀ (ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí lé) á jẹ. Lẹ́yìn kìlómítà 20, ẹ tún un gbá, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì.