Bí mo ṣe to róbọ́ọ̀tì tó ń sá fún ògiri

Róbọ́ọ̀tì tí mo tò ní yàrá mi ní Under-G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, kò lórí, kò lápá. Táyà méjì ló ní, àti róólà kékeré kan lẹ́yìn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: kó máa lọ, tó bá sún mọ́ ògiri, kó yà.

Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Unimate, róbọ́ọ̀tì alápá irin tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors gbé sẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961, kò mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ ọ ló ń tún ṣe.

Arduino Uno, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni ọpọlọ róbọ́ọ̀tì mi. Ẹ̀ńjìnnì kékeré méjì ló ń yí táyà, àmọ́ iná tó ń jáde lára Arduino kò tó wọn. Mo wá fi L298N, pátákó tó ń darí ẹ̀ńjìnnì, sáàárín: Arduino á pàṣẹ, L298N á fa iná bátìrì fún ẹ̀ńjìnnì. Bátìrì 18650 méjì ni mo lò, 3.7 fóòtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà GND (ibi tí iná ń gbà padà) gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣẹ kò ní yé L298N.

Ibi tó dùn jù ni sensọ̀ HC-SR04, ohun tó ń wọn bí ògiri ṣe jìnnà tó. Ó jọ ojú méjì, àmọ́ iṣẹ́ ẹnu àti etí ló ń ṣe, bíi ti àdán. Ọ̀kan ń ké, èkejì ń gbọ́. Ìró rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ etí ọmọ èèyàn kì í gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá lọ tó bọ̀ láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, sẹ̀ǹtímítà 34 ló rìn nìyẹn. Ẹ pín in sí méjì, ògiri wà ní sẹ̀ǹtímítà 17. Mo kọ ọ́ sínú kóòdù pé tó bá ku sẹ̀ǹtímítà 20, kó dúró, kó fà sẹ́yìn, kó yà sọ́tùn-ún.

Ògiri kò yọ ọ́ lẹ́nu. Kọ́tìnì ló yọ ọ́ lẹ́nu, torí aṣọ máa ń gbé ìró mì. Páálí tí mo gbé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà ń ta ìró síbòmíì, róbọ́ọ̀tì á sì lọ forí sọ ọ́. Mo wá gbé sensọ̀ náà lé servo SG90, ẹ̀ńjìnnì kékeré tó ń yí síbi tí a bá ní kó yí sí, kó lè máa wo ọ̀tún wo òsì. Ti páálí dínkù. Ti kọ́tìnì, mo kàn ká a sókè ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bọ̀dá, ṣé ó lè bá wa gbálẹ̀?” Mo ní kó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ díẹ̀ wá, a so ó mọ́ ọn nídìí. Ó gbá a lóòótọ́, àmọ́ ibi kan náà ló ń gbá ní àgbátúngbá, torí kò mọ ibi tó ti dé nínú yàrá. Sensọ̀ tó ń ka yíyí táyà ló kù tí mo fẹ́ rà, tówó bá ti wọlé.