Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń kọ́ nípa ìkòkò Caddo inú ibojì

Lọ́dọọdún ni mo ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí yóò gba owó ìrànwọ́ ìwádìí, tí yóò sì ná an tán kí ó tó mọ ohun tí ìkòkò iwájú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ń ka èyí ti mọ ibi tí ilẹ̀ àwọn Caddo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, wà tẹ́lẹ̀, níbi tí Texas, Arkansas, Louisiana àti Oklahoma ti pààlà, nítorí náà n kò ní tún ìyẹn sọ.

Èkínní, ẹ má fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìkòkò. Àwọn amọ̀kòkò Caddo a máa fi erùpẹ̀ pupa tàbí ẹfun ra inú ìlà tí wọ́n fín, ohun tí fífọ̀ sì kọ́kọ́ ń mú lọ nìyẹn. Mo ti rí ìkòkò kan tí wọ́n fọ̀ títí ó fi ń dán bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kò sí ẹfun kankan mọ́ nínú ìlà rẹ̀.

Èkejì, ìlà tí a fà sára amọ̀ tútù yàtọ̀ sí èyí tí a fín lẹ́yìn tí ó ti gbẹ: ẹ wo etí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn orúkọ bíi Ripley Engraved àti Poynor Engraved kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà kankan. Àwọn awalẹ̀pìtàn ni wọ́n fi sọ ọnà ara ìkòkò ní ọ̀rúndún ogún, síbẹ̀ ẹ̀ ń kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ará Ripley kó ẹrù wọn láti abúlé kan lọ sí òmíràn.

Ohun tín-ín-tìn-ìn funfun inú àpáàdì náà lè jẹ́ eegun lílọ̀ tàbí ìkarahun inú odò. Ẹ má kàn pè é ní iyanrìn.

Bí mo ṣe ń bá yín wí yìí, èmi náà ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya àwòrán ọnà lílọ́ kan tí ó wà létí ìgò amọ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ọwọ́ àrà ọ̀tọ̀ tí amọ̀kòkò náà ní, kí ẹni tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ tó fi iná aláwọ̀ àlùkò (ultraviolet) tàn án. Apá ibẹ̀ tàn yàtọ̀ sí ìyókù. Ẹni tí ó ra ìgò náà nígbà kan ni ó fi ẹfun pípò dí ibi tí ó fọ́, tí ó sì kùn ún.

Nítorí náà, ẹ má ra ohunkóhun lọ́jà. Ní Spiro ní Oklahoma, láàárín 1933 sí 1935, àwọn tí wọ́n háyà òkìtì ìsìnkú Craig fi ṣọ́bìrì àti dáínámáìtì tú u, wọ́n sì ta ohun inú rẹ̀ káàkiri. Ìkòkò tí a kò mọ ibojì rẹ̀, tí a kò mọ ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní ohun púpọ̀ láti sọ mọ́.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni ti ìyọ̀ǹda. Òfin NAGPRA, òfin Amẹ́ríkà lórí ibojì àti ohun ìsìnkú àwọn ọmọ onílẹ̀, ti wà láti ọdún 1990, ìlànà tuntun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2024: ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda àwọn tí ohun ìsìnkú náà jẹ́ tiwọn kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ sanwó sílẹ̀ fún àyẹ̀wò tí ó gba pé kí a ha díẹ̀ lára ìkòkò, ó wá kọ̀wé sí àwọn Caddo bí ẹni tí ń pe èèyàn sí ìnáwó. Wọ́n ní rárá, owó náà kò sì padà. Ó ní ṣé kì í ṣe Oklahoma ni wọ́n ń gbé ni, kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ibojì Texas? Àfi bí ẹni tí kò gbọ́ rí pé ní 1859 ni wọ́n lé wọn kúrò ní Texas. Ta ni yóò hú sàréè bàbá ẹlòmíràn, tí yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lẹ́yìn tí ó ti kó ẹrù tán? Àwọn ọmọ náà sì mọ iṣẹ́: Jereldine Redcorn, obìnrin Caddo, ni ó jí mímọ ìkòkò náà dìde ní àwọn ọdún 1990, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ohun tí àwa ń méfò nípa amọ̀ àti iná.

Lẹ́tà sí Caddo Nation, ìjọba àwọn Caddo, ní Binger ní Oklahoma ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó kọ èyí tí ẹ fi ń tọrọ owó ìwádìí. Ẹ fi owó ọkọ̀ dé Binger sínú ìṣirò yín pẹ̀lú, nítorí wọ́n lè ní kí ẹ wá jókòó sọ ọ́ lójúkojú.