Bí a ṣe ń to táyà ní méjì-méjì sábẹ́ ọkọ̀

Táyà kan bẹ́, owó méjì kò sí lọ́wọ́, fọkanáísà ní òun ní tòkunbọ̀ kan nílẹ̀ tó máa gbé e. Bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣe di ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò dọ́gba nìyẹn. Mo ti wa irú rẹ̀ rí nígbà òjò. Mo tẹ bíréèkì lójijì, imú ọkọ̀ yà sí ọ̀tún bí ẹni pé ẹnì kan fà á. Ọlọ́run ló yọ mí. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ wò ó, táyà ọ̀tún ṣì ní ojú dáadáa, tòsì ti pá, kò rí ilẹ̀ mú mọ́.

Kò pọn dandan kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra, àfi tó bá jẹ́ jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Àmọ́ méjì iwájú gbọ́dọ̀ bára mu, méjì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà. Ká mú 195/65R15 91H, irú èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Corolla. 195 ni bó ṣe fẹ̀ ní mìlímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 15 ni rímù tó ń wọ̀, ní íńṣì. 91 ni ẹrù tó lè gbé, kílò 615. H ni eré tó lè sá dé, 210 km láàárín wákàtí kan. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì. Àwọn kan á ní, "Kí ni mẹ́wàá péré máa ṣe?" Tí ẹ bá fi 185/65R15 sí ẹ̀gbẹ́ 195/65R15, kékeré yẹn máa fi nǹkan bí ìgbà 10 yípo ju èkejì lọ nínú kìlómítà kan. Nínú 100 km, ó ti lé ní 1,000. Jíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń fa ọkọ̀, tí wọ́n ṣe nítorí kọ́nà, á wá máa ṣiṣẹ́ láìsinmi lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Á máa gbóná, á máa jẹ. Iná ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há, náà lè tàn.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wo ojú táyà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ti tó. Ẹ tì í bọ inú ìlà táyà títí á fi kanlẹ̀, ẹ fi èékánná dá a mú níbi tó bá ojú táyà dọ́gba, ẹ ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní etí inú, láàárín, àti ní etí òde, kí ẹ wá ṣe ti táyà kejì. Ẹ to àwọn ìgbálẹ̀ náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí wọ́n bá fi ju mìlímítà 2 lọ ju ara wọn, èmi kì í gbà á. Èyí tí kò bá tó 1.6 mm, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òpin, ẹ má lò ó rárá.

Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tòkunbọ̀ lè ní ojú kó sì ti gbó: ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wò bóyá ó ti ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tàbí ó ti wú kókó.

Tó bá jẹ́ owó táyà méjì ni ẹ ní, ẹ rà méjì kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré fi tuntun síwájú. Ohun tí àwọn tó ń ṣe táyà ń sọ lèmi fara mọ́: èyí tí ojú rẹ̀ jìn jù, ẹ̀yìn ni kó lọ. Nínú òjò, tí iwájú bá ń yọ̀, ẹ lè dẹsẹ̀ lórí tọ́tù kí ẹ tún rí ọkọ̀ mú. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ kọjá imú, ọkọ̀ á pòòyì kí ẹ tó mọ̀.

Bí ọ̀kan bá bẹ́ níwájú lójú ọ̀nà, tí sípéà kò bá a mu, tó sì jẹ́ pé iwájú ló ń fa ọkọ̀, ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tó bá ti iwájú mu wá síwájú, kí ẹ fi sípéà sẹ́yìn. Ẹ rọra wà á, kó má kọjá 80, títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ dúró tì í. Táyà tó ní ọfà lára, ibi tí ẹsẹ̀ ń yí sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú ni ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní títò yípo. Atẹ́gùn tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí wọ́n fi sí i, nígbà tí táyà bá tutù, kó dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn 50 km, ẹ fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì wò lẹ́ẹ̀kan sí i.