Bí a Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Àjò Ọlọ́jọ́ Kan sí Abẹ́òkúta fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́

Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn yóò kàn níbẹ̀, ìyẹn àdìrẹ ṣíṣe, ni kí a kọ́kọ́ pinnu lé lórí, nítorí òun ni yóò sọ iye ènìyàn tó lè lọ. Lójú tèmi, ènìyàn 20 ti tó. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìran ni àwọn tó wà lẹ́yìn yóò kàn máa wò.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2021, ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ti àlọ àti àbọ̀, kí ẹ sì ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ìlú ni ibùdókọ̀ náà wà.

Òkè Olúmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn, kí òòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà sọ ìtàn Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n fi abẹ́ àpáta náà ṣe ibi ìsádi lọ́dún 1830, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò ojúbọ láìgbàṣẹ.

Ìtòkú, níbi tí ọjà àdìrẹ wà, kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù. Kí aṣojú ìgbìmọ̀ ti lọ bá ìyá aládìrẹ kan ṣáájú, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí owó ìkọ́ni, èyí tó yàtọ̀ sí owó aṣọ tí ẹnikẹ́ni bá rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúnàádúrà lórí owó ìkọ́ni náà. Àdìrẹ oníko ló bá ẹni tí kò ṣe é rí mu: a ó fi ìko di aṣọ pinpin kí aró má baà ráyè dé ibi tí a dì, a ó rì í bọ inú aró, a ó sì tú u lọ́jọ́ kan náà. Ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí a ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára, gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ aró. Kí wọ́n kàn wo bí ìyá náà ṣe ń yà á. Ẹ bèèrè bóyá aró ẹ̀lú ni ó ń lò tàbí ti kẹ́míkà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bó ṣe rí.

Ìgbà tí ẹ bá sá aṣọ sí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ jẹun. Ìrẹsì ọ̀fadà inú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó ní irú, ni kí ẹ bẹ alásè kí ó sè, nítorí Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ni ìlú Ọ̀fadà wà. Kí láfún àti ewédú má sì ṣe wọ́n níbẹ̀. Kí akọ̀wé ti wádìí ẹni tí dókítà ti ka ata tàbí iyọ̀ léèwọ̀ fún.

Kí olúkúlùkù mú ọ̀rá dání, torí aṣọ náà lè máà tíì gbẹ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, kí ó sì dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nílé, nítorí aró yóò ṣì máa jáde lára rẹ̀.