Bí ẹ ṣe máa jẹ ćevapi

Ẹ̀yin tèmi ní Sùúrùlérè, tẹ́ ẹ bá wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àwọn ará Bosnia àti Serbia, ćevapi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹran lílọ̀ ni, wọ́n rọ ọ́ bí ìka ọwọ́, wọ́n wá yan án lórí èédú bíi súyà, àmọ́ kò ta o. 5 tàbí 10 ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Ẹ fi ọwọ́ ya búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú ẹ̀, ẹ fi mú ẹran àti àlùbọ́sà tútù, kẹ́ ẹ wá fi kan ajvar, ata pupa ńlá bíi tàtàṣé ni wọ́n sun tí wọ́n sì bó kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, áà, ó dùn gan-an! Ẹ tètè jẹ ẹ́ kó tó tutù, ọ̀rá ẹ̀ máa ń dì. Burek ní tiẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n di ẹran sínú ẹ̀ kí wọ́n tó yan án, yógọ́ọ̀tì tí ò ní ṣúgà ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́.