Bí ẹ ṣe lè fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ tí ìṣẹ́ kò fi ní bá a débẹ̀

Àwọn ìyá máa ń mú ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́jẹ̀ẹ́, n'Íbàdàn, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ò wọ ọmọ yìí lórí, ẹ bá mi kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ." Màá fún ọmọ ní tépù, màá ní kó wá ibi tí 42 wà, kó pín in sí mẹ́rin fún mi.

Síkẹ́ẹ̀tì tí à ń gé ní ìdá mẹ́rin ni mo ń wò. Bí ìdí oníbàárà bá jẹ́ ínṣì 42, ìdá kan á jẹ́ 10 àti ààbọ̀, ká tó fi ti ojú rírán kún un. Ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní pírámárì kẹrin kì í sábà rí "àti ààbọ̀" yẹn. Ó lè mọ máṣínnì í tẹ̀ ju gbogbo wa lọ, ọ̀gá ni yóò máa gé aṣọ fún un. Bó bá ṣe fúrídọ́ọ̀mù tán, kò ní lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò ti máa rán, ní iye tí wọ́n bá dá lé aṣọ kan. Owó yẹn náà ni yóò fi tọ́ ọmọ tirẹ̀, tí òun náà á fi kúrò ní pírámárì kẹrin. Bí ìṣẹ́ ṣe ń ti ilé ìyá dé ilé ọmọ nìyẹn, kò sí ọwọ́ ayé kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ parí JSS 3 ná. Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, sọ pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ọdún 9 àkọ́kọ́ nílé ìwé, láti pírámárì kìíní títí dé JSS 3. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ náà lẹ́nu: owó PTA, yúnífọ́ọ̀mù, ìwé, owó ọkọ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí téèmù tó wọlé, torí owó kéékèèké yìí gan-an ni wọ́n fi ń lé ọmọ wálé. Ó lè máa kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé àti nígbà họ́lídè. Mo ń gba irú wọn. Ìyá mi wà lára àwọn tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, aṣọ ló sì tà títí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè yí iye mọ́ ọn lójú.

Wọ́n á ní àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, wọ́n á máa fi bú ọmọ. Ta ló so àgùntàn àti ajá pọ̀? Owó ilé ni, ibi tí agbára bá ká lèèyàn ń gbé. Nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí èèyàn mẹ́fà ń sùn ní yàrá kan, ọmọ ò ríbi kàwé. Ẹ bá àwọn alábàágbé sọ ọ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ti àwọn ọmọ láti aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, gbogbo ọmọ ilé pátá. Bí ẹ bá ya tiyín sọ́tọ̀, ariwo àwọn yòókù ò ní jẹ́ kó kà á.

Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ yé sọ Yorùbá sí ọmọ nílé, ẹ má gbà. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ títí dé pírámárì kẹfà, ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà ta yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kó máa fi Yorùbá bá yín pín iṣu àti ẹran: ìlàjì, ìdá mẹ́rin.

Tó bá wá kan ọ̀gá, ẹ yọ sí i lọ́jọ́ tí kò retí yín. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ń fọ abọ́, tí wọ́n ń pọn ọmọ ọ̀gá, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ máa lọ. Nínú àgírímẹ́ǹtì, ẹ kọ iye ọdún àti owó, kí ẹ sì kọ aṣọ tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè dá gé kó tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ìyẹn ni wọ́n máa ń fò.

Ọjọ́ tó bá wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àjọ máṣínnì, kí káàdì sì jẹ́ orúkọ ọmọ. ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 jẹ́ ₦15,000. Alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, ₦14,500 á kù. Mo ti jẹun níbi fúrídọ́ọ̀mù tí wọ́n ti yáwó èlé pa ewúrẹ́, tí ọmọ ò ní máṣínnì ní ọjọ́ kejì. Ìrẹsì àti mínírà tó. Bí ọ̀gá bá bínú pé kò sí ewúrẹ́, ẹ ní kó bá yín ra máṣínnì.